Ẹ má fi ọgbọ́n ọwọ́ yín sọ alágbàtà dolówó: Ẹ̀kọ́ ńlá lára àwọn tó ń ṣe gìtá àti amplifier

Báwo ni ọjà téèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó tà ní dọ́là 329, ṣe ń di ohun tí àwọn ẹlòmíì ń tà ní ẹgbẹ̀rún dọ́là mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni tó ṣe é kò sì rí kọ́bọ̀ nínú èrè náà? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ o. Agbègbè Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀. Ọjà ọ̀hún kò sì ju àpótí irin kékeré kan lọ, èyí tí àwọn onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn gìtá wọn yí padà. Klon Centaur lorúkọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ojú ewé yìí ni kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gìtá. Ẹlòmíì nínú yín ń ránṣọ, ẹlòmíì ń ṣe bàtà, àwọn kan ń jó irin, àwọn mìíràn sì ń ṣe búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, torí iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe gìtá àti ẹ̀rọ rẹ̀ fi bí nǹkan ṣe ń rí fún oníṣẹ́ ọwọ́ hàn kedere. Èrò tèmi ni pé kíkéré kọ́ ló ń pa òwò kékeré lára. Ohun tó ń pa á lára ni pé ẹni tó ni ín kì í mọ iye tí ọgbọ́n rẹ̀ tó, kì í sì í mọ ohun tó yẹ kó dì mú àti èyí tó yẹ kó jọ̀wọ́.

IRÚ ÒWÒ WO LÈYÍ?

Ohùn gìtá oníná kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní nǹkan bíi 1949 ni olóògbé Àyìndé Bákàrè ti gbé e wọ inú orin jùjú. Nígbà tó sì di 1982 tí ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music tí King Sunny Adé ṣe jáde, àwọn òyìnbó náà gbọ́ bí gìtá ṣe ń bá ìlù sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n gìtá oníná kò lè dá dún síta. Àfi bí wọ́n bá so ó mọ́ amplifier, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Àárín gìtá àti amplifier yìí ni pedal, àpótí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, máa ń wà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́pọ̀ yanturu nílẹ̀ Éṣíà, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnì kan, méjì tàbí mẹ́wàá péré ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jó wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Ọjà wọn wọ́n, wọn kì í sì í wá oníbàárà tì. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé nǹkan àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Tube, ìgò kékeré bíi gílóòbù iná tó máa ń wà nínú rédíò àwọn bàbá wa kí tiransísítọ̀ tó dé, ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú amplifier wọn. Àwọn tó ń ṣe rédíò ti pa á tì tipẹ́, àwọn onígìtá ni kò jẹ́ kó kú, torí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í ya lójijì, ńṣe ló máa ń ki, tó sì ń dùn mọ́ni létí. Ẹni tó bá mọ ohun tí oníbàárà ń wá gan-an kò ní máa sáré tẹ̀lé gbogbo ohun tuntun tó bá dé.

ẸNI TÓ GBÌN KỌ́ LÓ KÓRÈ

Bill Finnegan lorúkọ ọkùnrin tó ṣe Klon Centaur. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tí òun àti ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ iná fi wá bí pedal kan yóò ṣe mú kí amplifier kékeré dún bí èyí tó tóbi láìba ohùn gìtá jẹ́. Ìparí 1994 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Inú ilé tó ń gbé ló ti ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló ń tò ó, òun ló ń gbé ìpè, òun náà ló ń dì í ránṣẹ́. Nígbà tí yóò fi dáwọ́ dúró ní nǹkan bíi 2008, èyí tó ti ṣe ti tó bíi 8,000.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 8,000 láàrin ọdún mẹ́rìnlá kò tó 600 lọ́dún kan, bíi mọ́kànlá ló ń bọ́ sí lọ́sẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ pé dọ́là 329, tó jẹ́ iye tó ń tà á nígbẹ̀yìn, ló ta gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó tó wọlé kò ju dọ́là 2,632,000 lọ láàrin ọdún mẹ́rìnlá náà. Bẹ́ẹ̀, a ò tíì yọ owó irin, owó èlò, owó ìfiránṣẹ́ àti owó orí kúrò níbẹ̀. Ó ń fi ohun tó lé ní wákàtí àádọ́ta ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, síbẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí tiwọn tó kàn wọ́n. Lónìí, ẹni tó ra ọ̀kan ní dọ́là 329, tó wá tà á ní 4,000, ti jẹ èrè dọ́là 3,671 láìfọwọ́ kan irin tàbí wáyà kankan. Finnegan tó pàdánù oorun rẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Mi ò fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó fẹ́ kí olórin tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun lè ra pedal òun, èrò rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jàǹfààní rẹ̀. Kì í ṣe olórin tí kò lówó lọ́wọ́, àwọn tó ń kó ohun tó ṣọ̀wọ́n jọ àtàwọn alágbàtà ni. Owó pọ́ọ́kú tí oníṣẹ́ bá tajà kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti gbé e jáde ni ọjà náà yóò wá iye rẹ̀ lọ. Owó tẹ́ ẹ bá kọ̀ láti gbà, ẹlòmíì ni yóò gbà á.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá ń to oṣù méjì, oṣù mẹ́ta de iṣẹ́ yín, tí ìlà náà kò sì dín kù, ọjà ti bá yín sọ̀rọ̀. Nínú méjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan: yálà kẹ́ ẹ fi owó lé e, tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kún ọwọ́. Ìgbà tó di 2012 ni Finnegan tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mìíràn máa bá òun ṣe pedal tuntun tó pè ní KTR. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ariwo tí aráyé ń pa lé ọjà òun lórí kò ti ọ̀dọ̀ òun wá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ nígbà yẹn, torí àwọn mìíràn ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà.

Ẹnì kan wà tó gba ọ̀nà mìíràn. Paul Reed Smith, tó ń ṣe gìtá ní Annapolis, ìpínlẹ̀ Maryland, kò dúró sí ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà wá bá a. Ó máa ń gbé gìtá rẹ̀ lọ sí ibi táwọn olórin ńlá ti ń ṣeré, kí wọ́n lè dán an wò. Nígbà tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1985, ó kọ́kọ́ gbé àwòṣe gìtá rẹ̀ kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, ó gba ìwé pé wọn yóò rà á, ìwé yẹn ló sì fi wá owó. Lónìí, ọjà rẹ̀ wà ní ìpele ìpele. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà, Maryland ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ga sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣa pákó tí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ, yóò sanwó rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ làwọn télọ̀ wa náà lè ṣe. Ẹ má fi iye kan náà lé aṣọ iléèwé àti agbádá ìgbéyàwó.

TẸ́NÌ KAN BÁ LỌ, ṢÉ IṢẸ́ NÁÀ Ò NÍ BÁ A LỌ?

Alexander Dumble ní California kò ṣe bíi Finnegan rárá. Ó gbówó lérí, ó sì yan ẹni tó fẹ́ tajà fún. Ó máa ń fetí sí bí ẹni tó fẹ́ rà á ṣe ń lu gìtá, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣe amplifier tó bá ọwọ́ onítọ̀hún mu, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe ń wọn èèyàn kó tó gé aṣọ. Carlos Santana wà lára àwọn tó lo tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Stevie Ray Vaughan. Èyí tó ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 300 lọ, òmíràn nínú wọn sì ń tà ní ohun tó lé ní dọ́là 100,000 lónìí.

Ẹ̀kọ́ iye owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni Dumble jáde láyé. Látọjọ́ yẹn, iye amplifier tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò lè fi ẹyọ kan lé sí i mọ́. Níbi yìí, mo rò pé àwa Yorùbá ní ohun tá a fi jù wọ́n lọ. Ètò ọmọ iṣẹ́ tí à ń ṣe, tí ọmọ yóò kọ́ṣẹ́, tí yóò sìn, tí yóò sì gba fíríìdọ̀mù rẹ̀ lójú ẹbí àtàwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́, ọrọ̀ ni. Ó yẹ kí ọ̀gá tó bá ń fi apá kan iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò máa jẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ tí agbára bá tán.

ÀṢÍRÍ Ń TÚ, ORÚKỌ LÓ Ń DÚRÓ

Finnegan da ohun kan tó máa ń le bí òkúta bo inú pedal rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí bó ṣe so ó. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n yà á, wọ́n sì tú àṣírí rẹ̀ síta. Ní 2013, Electro-Harmonix gbé tirẹ̀ jáde tó pè ní Soul Food, èyí tó gba ọ̀nà tí Klon gbà, tí owó rẹ̀ sì kéré gan-an. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí Finnegan lè fi mú ọ̀pọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ní 2024, ilé iṣẹ́ Behringer ṣe tirẹ̀, wọ́n pè é ní Centaur, wọ́n sì jẹ́ kó jọ ti Finnegan lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà gba ilé ẹjọ́ lọ, Behringer sì yí orúkọ pedal wọn padà. Ẹ kíyè sí i dáadáa: orúkọ àti ìrísí ọjà ló pe ẹjọ́ lé lórí, kì í ṣe bí wáyà inú rẹ̀ ṣe lọ. Òkúta tó dà sínú pedal kò dáàbò bò ó. Orúkọ rẹ̀ ló ṣe é.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ló gbà pé tí àwọn bá ti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ó ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Orúkọ ilé iṣẹ́ lọ̀tọ̀, àmì tẹ́ ẹ ń lẹ̀ mọ́ra ọjà lọ̀tọ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àmì ọjà, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ òwò, l'Ábújà, lẹ ó ti forúkọ èyí sílẹ̀. Ọdún méje ni àkọ́kọ́ máa ń wà, lẹ́yìn náà ẹ lè máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ọṣẹ, àgbo inú ike, omi inú ọ̀rá tàbí bàtà, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ni kan bá lẹ àmì yín mọ́ ọjà tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa wá lọ́yà.

Ẹ KA ÌWÉ KẸ́ Ẹ TÓ BUWỌ́ LÙ Ú

Jim Marshall kì í ṣe onígìtá, onílù ni. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlù, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn London, ní 1960. Àwọn ọ̀dọ́ onígìtá bíi Pete Townshend àti Ritchie Blackmore ló sọ fún un pé amplifier tó ń ti Amẹ́ríkà wá wọ́n jù, kò sì dún bí àwọn ṣe fẹ́. Marshall kò bá wọn jiyàn. Ken Bran tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dudley Craven, wo amplifier Fender Bassman, wọ́n sì fi èlò tí wọ́n rí ní London ṣe tiwọn ní 1962. Marshall fúnra rẹ̀ ròyìn pé èèyàn mẹ́tàlélógún ló ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan fóun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe ni 1965. Ó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Rose-Morris pé àwọn ni yóò máa bá òun pín ọjà òun kiri, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Owó ńlá tí ilé iṣẹ́ náà fi lé ọjà tó ń lọ sókè òkun sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, Marshall kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Kódà nígbà tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tajà níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì máa rí ọjà òun tà, orúkọ mìíràn, ìyẹn Park, ló ní láti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ọkùnrin tí kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ta ọjà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe! Lẹ́yìn tí àdéhùn náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1980 sí i ni òwò rẹ̀ lókè òkun wá gbòòrò gan-an, tó fi jẹ́ pé ní 1984, ó gba àmì ẹ̀yẹ Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kíkó ọjà lọ sókè òkun.

Ẹni tó bá fẹ́ bá yín tajà, ẹ má lé e. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ọdún kan tàbí méjì ná. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní iye tó gbọ́dọ̀ tà, pé bí kò bá tà á tó bẹ́ẹ̀, àdéhùn tú. Ẹ sì kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ fi lé e kọjá.

ÒWÒ TÍTÀ ÀTI ỌJÀ TÍ À Ń RÀ

Leo Fender tí àwọn Marshall wo iṣẹ́ rẹ̀ náà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Fullerton, California, ní 1938. Ní January 1965, ó ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní mílíọ̀nù dọ́là 13. Kò pẹ́ tí àwọn olórin fi ń kùn pé iṣẹ́ ti yàtọ̀, títí dòní ni èyí tí wọ́n ṣe kí CBS tó dé sì ń wọ́n ju ti ìgbà náà lọ. Nígbà tó di 1985, Bill Schultz àtàwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ra ilé iṣẹ́ náà padà ní mílíọ̀nù 12.5, láìsí ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Fullerton nínú rẹ̀. Dọ́là 1985 kò sì ra tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń rà ní 1965. Ní 1987, Fender wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sínú ilé iṣẹ́ ńlá náà, níbi tí ọwọ́ ti ń ṣe gìtá lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́. Ìyẹn ni pé ẹni ńlá tún padà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni kékeré.

Ibi téèyàn ti ń ra èlò náà ṣe pàtàkì. Russia ni púpọ̀ nínú tube tí àwọn alámplifier ń lò ti ń wá. Ní oṣù kẹta 2022, lẹ́yìn tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, ìròyìn jáde pé Russia ti dí ọ̀nà rẹ̀ láti jáde. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bo àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tí kò ní ibòmíì tí wọ́n lè rà á. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń ra fúláwà, mọ irú jìnnìjìnnì yẹn.

OHUN TÉÈYÀN LÈ ṢE LỌ́SẸ̀ YÌÍ

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ olówó ńlá lọ́hùn-ún nìyẹn, pé oníbàárà tiwa yóò sá tá a bá fi náírà kan lé e. Mo gbà pé ọjà le. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn fowó lé ọjà. Ẹni tí kò ní ìlà lẹ́nu ọ̀nà kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìlà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó tún ń tajà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń rà á, ni mò ń bá wí.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ iye wákàtí tí iṣẹ́ kan ń gbà yín sílẹ̀, ẹ fi owó èlò kún un, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó kù fún ọwọ́ yín. Ẹ wádìí iye tí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín ń tún un tà. Bí èrè tiwọn bá ju tiyín lọ, ẹ ti mọ ibi tí omi ti ń jò. Ẹ lọ fi orúkọ ọjà yín sílẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ lè máa ra èlò lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì pe ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n jù lọ, kẹ́ ẹ fi apá tó ṣòro jù hàn án.

Àwọn àgbà ní ibi iṣẹ́ ẹni ni a ti ń mọ ẹni lọ́lẹ. Èmi ń sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ pé ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yín mú yín gbàgbé láti ka owó rẹ̀.